Fọ́tò Inú Pàlàpálá Àpáta Antelope Canyon: Kí Ni Kí Ayàwòrán Èkó Múra Sílẹ̀ Kó Tó Lọ?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Sùúrùlérè ni mò ń gbé, fọ́tò òde àríyá ni mo sì ń yà jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona, ní kí n wá kí òun lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ti ṣèlérí pé òun á mú mi dé Antelope Canyon, ibi tí àpáta pupa ti rí bí aṣọ tí atẹ́gùn ń fẹ́. Wọ́n ní amọ̀nà ló máa ń kó èèyàn rìn níbẹ̀, pé kò sí ìdúró, pé wọn kì í sì í jẹ́ kí èèyàn gbé tripod, ìyẹn ẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, wọlé. Kámẹ́rà full-frame (èyí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi) ni mo ní, pẹ̀lú lẹ́ńsì 24–70mm àti 50mm. Oṣù wo ló dára jù? Nínú apá méjì tó ní, ṣé Upper (ti òkè) ni kí n lọ àbí Lower (ti ìsàlẹ̀)? Báwo ni màá ṣe yà á tí kò ní dúdú, tí kò sì ní funfun jù? Mo tún fẹ́ ya ẹ̀gbọ́n mi nínú aṣọ ilẹ̀ wa níbẹ̀.
— Olùkà kan, Sùúrùlérè

ÌDÁHÙN

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Òkùnkùn kọ́ ló máa ń ba fọ́tò ibẹ̀ jẹ́, ojú ọ̀run ni. Bí ẹ bá mọ ìdí rẹ̀, ìyókù á rọrùn.

Pàlàpálá náà jìn, ó sì tóóró. Oòrùn á gba òkè wọlé, á ba ara ògiri kan, á ta padà sára ògiri kejì, á tún ta sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí yóò fi dé orí iyanrìn tí ẹ dúró lé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń kan òkúta yẹn lákànkàntún ni àwọ̀ rẹ̀ ń pọ́n sí i. Ibi tí oòrùn ti kọ́kọ́ bà máa ń ṣì mọ́lẹ̀ gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ta dé lẹ́yìn náà á ní àwọ̀ ọsàn, lẹ́yìn rẹ̀ á pọ́n dòdò. Ibi tí oòrùn kò dé rárá, tó jẹ́ pé òfuurufú nìkan ló ń tàn sí i díẹ̀díẹ̀, á ní àwọ̀ àlùkò tàbí búlúù. Àwọn àwọ̀ yìí lẹ wá yà. Tí ẹ bá wá jẹ́ kí ojú ọ̀run, bó ti wù kó kéré mọ, wọnú fọ́tò, kò sí kámẹ́rà tó lè gba òun àti ìsàlẹ̀ ògiri mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá dáàbò bo ojú ọ̀run, ògiri á dúdú. Bí ẹ bá tan ògiri, ojú ọ̀run á di ihò funfun tí kò ṣe é tún ṣe mọ́. Nítorí náà, ẹ gbé kámẹ́rà sókè ní ìwọ̀nba, kí ẹ wá ibi tí etí ògiri kan ti bo ojú ọ̀run mọ́lẹ̀, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ibi tí à ń sọ yìí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Page, ní àríwá Arizona, lórí ilẹ̀ àwọn Navajo, ìyẹn ẹ̀yà ìbílẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà. Tsé bighánílíní ni wọ́n ń pe Upper, Hazdistazí ni wọ́n ń pe Lower. Láti 1997 tí ìjọba Navajo ti sọ ọ́ di ọgbà tiwọn, kò sí ẹni tó lè dá wọ ibẹ̀. Amọ̀nà tó níwèé àṣẹ gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú yín. Ẹ tètè ra àyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù mélòó kan ṣáájú, nítorí wákàtí ọ̀sán ló máa ń kọ́kọ́ tán. Lórí ìrìn tí gbogbo èèyàn ń sanwó fún, wọn kì í gba tripod, wọn kì í gba ọ̀pá tí wọ́n ń fi fóònù kọ́, wọn kì í gba báàgì, títí kan èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí. Wọn kì í fẹ́ fídíò, drone kò sì bófin mu rárá. Ẹ ka òfin ilé-iṣẹ́ tí ẹ bá sanwó fún dáadáa kí ẹ tó kúrò ní Èkó, kó má lọ jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà lẹ máa wà tí wọ́n á ní kí ẹ dá báàgì padà sínú mọ́tò. Bí tripod bá jẹ yín lógún gan-an, àwọn pàlàpálá míì wà ní agbègbè Page tí wọ́n ń ta ìrìn àkànṣe fún àwọn ayàwòrán, bíi Canyon X. Owó rẹ̀ ju ti ìrìn gbogbo èèyàn lọ, ṣùgbọ́n èrò ò pọ̀ níbẹ̀. Ẹ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ wọn tààrà bóyá tripod wà nínú ohun tí ẹ ń sanwó fún.

Nípa Upper àti Lower, ìyàtọ̀ wọn kì í ṣe ti ẹwà. Upper fẹ̀ nísàlẹ̀, ó fún lókè. Ìyẹn ló fi ń dúdú, òun náà ló sì jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán máa gba ihò kékeré wọlé bí ọ̀pá ìmọ́lẹ̀ tó dúró ṣánṣán. Ilẹ̀ tẹ́jú ni èèyàn ń gbà wọlé, ọkọ̀ ló sì máa gbé yín la iyanrìn kọjá dé ẹnu rẹ̀. Lower fẹ̀ lókè, ó fún nísàlẹ̀, àtẹ̀gùn irin lẹ ó fi sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀, àwọn míì nínú wọn sì dúró ṣánṣán. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ pọ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń dára láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá rọra dẹ̀gbẹ́. Fún ẹni tó ń fọwọ́ lásán di kámẹ́rà mú, Lower ni mo máa ní kí ẹ yàn, láìṣiyèméjì. Àwọn èèyàn ń náwó gọbọi lórí ọ̀pá ìmọ́lẹ̀ Upper, wọ́n á dé ibẹ̀, wọ́n á rí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárín èrò, wọ́n á sì padà pẹ̀lú fọ́tò kan náà tí gbogbo ayé ti ní. Àmọ́ tí orúnkún bá ń dun ẹ̀gbọ́n yín, ẹ má fi àtẹ̀gùn Lower dán an wò. Ẹ mú un lọ sí Upper, kí ẹ sì béèrè bí ọ̀nà àbájáde ṣe rí.

Ti oṣù ńkọ́? Nínú oṣù kẹfà, oòrùn ọ̀sán ní Page máa ń ga tó ìwọ̀n dígírì 76 láti ilẹ̀. Ní òpin ọdún kì í tó 30. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá ìmọ́lẹ̀ Upper fi jẹ́ ti ìparí oṣù kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá sí aago kan ọ̀sán. Oòrùn máa ń wà lókè pátápátá ní nǹkan bí aago méjìlá ààbọ̀. Tí ẹ bá lọ ní oṣù Kérésì, ẹ ò ní rí ọ̀pá ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ àlùkò máa pọ̀, èrò á dín, òtútù á sì mú yín dé egungun. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mò ń yan ọjọ́ fún yín, láti àárín oṣù karùn-ún sí ìparí oṣù kẹfà ni.

Ìdí tí mi ò fi ní kí ẹ lọ ní oṣù keje sí àárín oṣù kẹsàn-án ni òjò. Àgbàrá ló gbẹ́ pàlàpálá yẹn, àgbàrá náà kò sì tíì ṣíwọ́ iṣẹ́. Òjò lè má kán síbi tí ẹ wà rárá, ojú ọ̀run yín lè mọ́ kedere, kó jẹ́ pé apá òkè odò tó jìnnà ni ìjì ti ń jà. Ilẹ̀ aṣálẹ̀ yẹn kì í tètè fa omi mu. Gbogbo rẹ̀ á ṣàn pọ̀, á sì wọ inú ọ̀nà tóóró yẹn pẹ̀lú ẹrẹ̀ àti igi. Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹjọ, 1997, àgbàrá báyìí pa àlejò mọ́kànlá ní Lower; amọ̀nà wọn là á já. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n de àtẹ̀gùn irin mọ́lẹ̀ gbọn-in, tí wọ́n sì mú ṣíṣọ́ ojú ọjọ́ lókùn-únkúndùn. Tí wọ́n bá ní àwọn ti fagi lé ìrìn ọjọ́ náà nítorí òjò, ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ má sì bẹ̀ wọ́n. Ẹ fi ọjọ́ kejì sílẹ̀ nínú ètò ìrìn-àjò yín, kó lè jẹ́ pé bí tòní ò bá ṣeé ṣe, tọ̀la á wà. Ìrìn mọ́tò láti Phoenix tó wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀, nítorí náà ẹ sùn sí Page.

Ọ̀rọ̀ aago tún wà níbẹ̀. Arizona kì í sún aago síwájú nígbà ooru, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Navajo ń sún un, Utah tó wà nítòsí náà ń sún un. Fóònù yín lè gba aago láti òpó òdìkejì kó sì fi wákàtí kan yàtọ̀. Aago Phoenix ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kó èèyàn lọ sí Antelope ń lò. Ẹ pa ibi tí fóònù ti ń yí aago fúnra rẹ̀, ẹ yan Phoenix, kí ẹ má lọ jókòó sínú oòrùn fún wákàtí kan gbáko lásán.

Ó kan kámẹ́rà wàyí. Ẹ fi lẹ́ńsì 50 sílẹ̀ nílé. Lẹ́ńsì kan ṣoṣo ni kí ẹ gbé wọlé, kí ẹ sì ti so ó mọ́ kámẹ́rà láti inú yàrá òtẹ́ẹ̀lì, nítorí iyanrìn máa ń já bọ́ láti òkè níbẹ̀ láìdánudúró. Ẹni tó bá ṣí kámẹ́rà láti pààrọ̀ lẹ́ńsì nínú pàlàpálá yẹn ti gba iyanrìn láyè sórí sẹ́ńsọ̀ nìyẹn. 24–70 yín á ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 16–35 ló bá ibẹ̀ mu jù. Bí ẹ bá lè yá ọ̀kan lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ yín, ẹ yá a.

Ẹ fi ojú lẹ́ńsì sí f/8 níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ńsì ṣe ń fẹ̀ tó). Ní 16mm, tí ẹ bá fi focus (ibi tí lẹ́ńsì ti ń rí kedere jù) sí nǹkan bí mítà kan, ohun gbogbo láti ìdajì mítà títí dé ìparí á mú. Ní 24mm, ẹ fi focus sí mítà méjì àtààbọ̀, ohun gbogbo láti mítà kan àti díẹ̀ lọ á mú. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí àwọn ògiri wọ̀nyẹn sún mọ́ èèyàn pẹ́kípẹ́kí. Focus tí kámẹ́rà ń wá fúnra rẹ̀ sì máa ń ṣìnà lórí òkúta dídán inú òkùnkùn; lẹ́ńsì á máa lọ á máa bọ̀ láìrí nǹkan dì mú. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó ṣá, ẹ kọjú rẹ̀ sí etí ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ti pàdé.

Shutter speed, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí ojú rẹ̀ kó sì padé, kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju 1/60 ìṣẹ́jú àáyá bí kámẹ́rà tàbí lẹ́ńsì yín kò bá ní ohun tó ń dènà gbígbọ̀n. Bó bá ní in, 1/15 sí 1/30 ṣeé ṣe. ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ tó gbà sókè tó, ni kí ẹ jẹ́ kó gòkè. Nínú Lower láàárọ̀, 800 sí 1600 lè tó. Nínú Upper, ẹ ṣí ojú lẹ́ńsì sí f/4 tàbí f/5.6, kí ISO dé 3200, kódà 6400. Àwọn ayàwòrán kan ń bẹ̀rù àmì wínníwínní tí ISO gíga ń mú wá. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Àmì yẹn ṣeé fọ̀ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n fọ́tò tó bá gbọ̀n ti gbọ̀n náà nìyẹn. Ẹ fi okùn kámẹ́rà há ọrùn, kí ẹ nà á síwájú títí yóò fi le, kí ìgúnpá méjèèjì lẹ̀ mọ́ ìhà, kí ẹ mí jáde kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ yà á ní mẹ́ta tẹ̀lé mẹ́ta. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábà máa ń mú ju ìyókù lọ. Ẹ má fara ti ògiri. Òkúta iyanrìn ni, ó ń bó, àwọn tó ni ín kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ha á.

Ibi tí àwọn tó mọ iṣẹ́ dáadáa pàápàá ti ń kọsẹ̀ ni àwọ̀ pupa. Histogram funfun tó wà lójú kámẹ́rà, ìyẹn àwòrán tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó nínú fọ́tò hàn, lè sọ fún yín pé ohun gbogbo wà dáadáa, kó jẹ́ pé àwọ̀ pupa nìkan ti kún àkúnwọ́sílẹ̀. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ibi tó yẹ kó ní ìlà wẹ́ẹ́rẹ́-wẹ́ẹ́rẹ́ lára òkúta á di àbàwọ́n ọlọ́sàn kan ṣoṣo. Ẹ ṣí histogram tó ń fi pupa, ewé àti búlúù hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pupa ni kí ẹ máa wò. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù ní 2/3 sí odidi ìpele kan, kí ẹ máa yà á ní RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe), torí JPEG kò ní fún yín láyè láti tún un ṣe. White balance, ètò tí kámẹ́rà fi ń tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe, kò gbọdọ̀ wà lórí Auto: kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ló pọ́n jù, á sì máa fọ àwọ̀ òkúta kúrò. Ẹ fi sí Daylight, tàbí 5500K, kí ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fíláàṣì kò níṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ó máa ń pa gbogbo òjìji tó fún àpáta náà ní ìrísí, ó sì ń dí àwọn ẹlòmíì lọ́wọ́.

Bí ọ̀pá ìmọ́lẹ̀ bá wà, ẹ mọ̀ pé eruku inú afẹ́fẹ́ ló jẹ́ kó ṣeé rí. Ibi tí kò sí eruku, ojú ilẹ̀ nìkan ni oòrùn ń tàn sí. Ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ lára ọ̀pá náà gan-an, ẹ má wọ̀n ọ́n lára ògiri. Tí ẹ bá yà á tán, ẹ bo ojú lẹ́ńsì kí eruku má bàa bà lé e.

Èrò ni ìṣòro tí kámẹ́rà kò lè yanjú. Ẹ bá amọ̀nà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ pé fọ́tò lẹ wá yà, kí ẹ béèrè bóyá ẹ lè wà níwájú pátápátá. Ẹni tó wà níwájú ló ń rí ilẹ̀ tí kò tíì sí ẹsẹ̀ lórí rẹ̀. Níbikíbi tí ọ̀nà bá ti kọ́rọ́, ẹ bojú wẹ̀yìn kíákíá, torí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn kì í rí bákan náà pẹ̀lú ti iwájú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìrìn náà kì í sì í padà gba ibì kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí orí èèyàn bá kún iwájú yín, ẹ gbé kámẹ́rà kọjá orí wọn. Apá òkè ògiri ló ní àwọ̀ jù náà. Àwọn amọ̀nà yìí mọ igun tí fọ́tò ti ń dára ju ẹnikẹ́ni lọ, ẹ fetí sí wọn, kí ẹ sì fún wọn lówó ọwọ́ tí ìrìn bá parí, bí àṣà Amẹ́ríkà ti rí.

Fóònù yín náà á wúlò. Ẹ lo lẹ́ńsì 1x ju èyí tó fẹ̀ jù lọ, nítorí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi jù, ó sì ń gba ìmọ́lẹ̀ sí i. Ẹ tẹ ibi tó mọ́lẹ̀ jù lójú fóònù mọ́lẹ̀ títí yóò fi dúró síbẹ̀, kí ẹ wá fa àmì oòrùn wá sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀wù nu lẹ́ńsì rẹ̀. Iyanrìn ibẹ̀ le, á ha gíláàsì. Ẹ kọ́kọ́ fi rọ́bà afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ kúrò kí ẹ tó fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún.

Aṣọ ilẹ̀ wa tí ẹ ní lọ́kàn yẹn máa dára gidigidi, bí ẹ bá yan èyí tó tọ́. Àdìrẹ aláró ni kí ẹ̀gbọ́n yín wọ̀: búlúù rẹ̀ á yọ kedere lára òkúta ọlọ́sàn. Aṣọ funfun á gba àwọ̀ ògiri sára, ìyẹn náà kò burú. Aṣọ pupa àti aláwọ̀ ọsàn á sọnù sínú àpáta. Bùbá àti ṣòkòtò ni, kì í ṣe ìró tó ń wọ́lẹ̀ lórí àtẹ̀gùn irin, kì í sì í ṣe agbádá tàbí gèlè ńlá tó máa dí ẹni tó wà lẹ́yìn lójú. Bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni kó wọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lẹ máa ní fún fọ́tò rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kó mọ ibi tó máa wò àti bó ṣe máa dúró kí ẹ tó wọlé. Kó yí ojú síbi tí ògiri tó mọ́lẹ̀ wà, kì í ṣe sókè, kí òjìji má bàa bo ojú rẹ̀. Fọ́tò tí ẹ bá yà fún ìrántí kò ní wàhálà. Bó bá jẹ́ fún ìpolówó ọjà ni, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba Navajo ṣáájú.

Èkó gan-an lẹ ti máa kọ́ iṣẹ́ yìí. Ní oṣù kẹfà, oòrùn ọ̀sán Èkó máa ń ga tó ìwọ̀n dígírì 73, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Page dọ́gba. Ẹ wá ọ̀nà tóóró láàárín ilé alájà méjì-mẹ́ta ní Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí Lafiaji, níbi tí wọ́n ti fi ọ̀dà iyeyè tàbí pupa kun ògiri, kí ẹ dé ibẹ̀ láàárín aago méjìlá sí aago méjì lọ́jọ́ Sunday tí èrò kò pọ̀. Ẹ kí àwọn àgbà agboolé, ẹ sọ ohun tí ẹ wá ṣe, kí ẹ tó yọ kámẹ́rà. Ẹ wá fún ara yín ní ogún ìṣẹ́jú péré, láìsí tripod, láìsí fíláàṣì, láìpààrọ̀ lẹ́ńsì, láìjẹ́ kí ojú ọ̀run wọ fọ́tò kankan. Ẹ wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ti ara ògiri kan bọ́ sí èkejì, kí ẹ tún wo histogram pupa. Ẹ ṣe é títí ọwọ́ yín yóò fi lè yí ISO àti shutter láìwo bọ́tìnnì.

Kí ẹ tó wọkọ̀ òfuurufú, ẹ dán mẹ́mọ́rì tí ẹ bá rà ní Computer Village wò: ẹ kó fáìlì sí i títí yóò fi kún, kí ẹ ṣí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ayédèrú á kọ̀wé 128GB sára, kò sì ní gbà tó ìdajì rẹ̀. Inú báàgì ọwọ́ ni àwọn bátìrì tí kò sí nínú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà, wọn kì í gbà wọ́n nínú ẹrù ìsàlẹ̀ bàálù. Iná sọ́kẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bí 120V, ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn sì yàtọ̀ sí tiwa. Tí ẹ bá rí 100–240V lára ṣájà yín, adapter lásán ti tó.

Nígbà tí ẹ bá dé, tí ẹ sì ń tún fọ́tò náà ṣe, ẹ má fa saturation, ìyẹn bí àwọ̀ ṣe kún tó, sókè. Ẹ gbé òjìji sókè díẹ̀, ẹ rẹ ibi tó mọ́lẹ̀ jù sílẹ̀, kí ẹ fi àwọ̀ àlùkò inú kọ̀rọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní Ṣómólú, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ègé kékeré kan fún yín lára rẹ̀, nítorí tádà ìtẹ̀wé kì í sábà gbé àwọ̀ ọsàn tó mọ́lẹ̀ jáde bí ẹ ṣe rí i lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ wo ègé náà níta, lójú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ẹ tó sanwó èyí tó tóbi.